Ẹ Yá Wa ní Yàrá Kan: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ọba, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Olórí Ẹ̀sìn Ilẹ̀ Yewa

Sí Kábíyèsí, Olú Ìlaròó, olórí àwọn ọba ilẹ̀ Yewa. Sí Kábíyèsí, Aláyé Ayétòrò. Sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa àti Àríwá Yewa. Sí àwọn Lèmọ́mù, àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn wòlíì àti àwọn baba olórìṣà. Àti sí ẹnikẹ́ni tí ọmọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ kò lè sùn láìmu ọtí:

 Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí n tó la ẹnu, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá ọba sọ, ẹnu ìjòyè ni í gbà wọlé, kì í dúró ní ìta gbangba kó máa ké. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí ti ń ṣẹlẹ̀ ní ojú títì láti àfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn ọmọ kéékèèké ń rí i bí wọ́n ti ń lọ sí ilé-ìwé, àwọn àlejò ń rí i bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, àwa àgbààgbà nìkan ni a máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí a bá kọjá níbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìwé yìí síta, kí ọba, ìjọba àti ará ìlú lè kà á pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹlòmíràn ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ ọtí ni. Kì í ṣe ọtí tí a gbé lọ ìdána, kì í sì í ṣe ẹmu tí àgbẹ̀ mu nígbà tó ti oko dé, tó sì sùn lọ fọnfọn. Ọtí tó ti di bárakú ni mo ń wí, èyí tí ẹni tó ń mu ún kò mu fún adùn mọ́, tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò tíì kan ètè rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní lè fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ bí ó bá jẹ́ aránṣọ, tí kò sì ní lè wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde ní gáréèjì bí ó bá jẹ́ awakọ̀. Ẹ lọ sí gáréèjì Ìlaròó ní kùtùkùtù, tàbí kí ẹ gba ọ̀nà Ayétòrò, Ọjà-Ọ̀dàn àti Ìdí-Ìrókò, ẹ ó bá ìyá oníparágà lórí àpótí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìgò tí egbò igi ń léfòó nínú wọn. Ẹ ó rí ọtí inú ọ̀rá tí wọ́n so rọ̀ sí ẹnu ìsọ̀. Ẹ ó rí ògógóró, ẹ ó sì rí sódàbì tí wọ́n fi ẹmu ọ̀pẹ pọn ní ilẹ̀ Benin, tí à ń pè ní Dàhọ̀mì tẹ́lẹ̀, tó bá ọ̀nà fàyàwọ́ wọlé láìsan owó bodè. N kò bá ìyá oníparágà jà o. Ó ń wá ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò jẹ ni, àti pé òun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ ẹni báyìí ti ń gbọ̀n jù, kí ìyàwó onítọ̀hún tó mọ̀, kí pásítọ̀ rẹ̀ tó mọ̀.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá fẹ́ jáwọ́, kí ni à ń ṣe fún un? Ìdílé a kọ́kọ́ bá a wí. Bí ìbáwí kò bá ràn án, wọ́n a gbé e lọ sí orí òkè àdúrà. Ẹlòmíràn a wá oníṣègùn tí yóò fún wọn ní àgúnmu tí wọn yóò yọ́ bù sínú ọtí rẹ̀ kí ó lè máa bì. Ẹlòmíràn a sì tì í mọ́ yàrá. Àwọn tí ọwọ́ wọn tó o díẹ̀ a gbé e dé ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ wọn yóò ti tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ara rẹ̀ yóò mọ́, tí ojú rẹ̀ yóò dá, tí ìyàwó rẹ̀ yóò wọ aṣọ àjọ̀dún lọ pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò wọ mọ́tò padà sí ilẹ̀ Yewa, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì kan náà.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà. Láti ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti ilé ìwòsàn dé títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, ta ni yóò máa bá a jókòó? Ìyá kan tó mú ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti ibi ìtọ́jú sọ fún mi pé wọ́n ti kìlọ̀ fún òun kí òun wá àwọn tó ti jáwọ́ nínú ọtí ní ìtòsí ilé, kí ọmọ náà máa bá wọn pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó wá ń bi mí pé níbo ni wọ́n ti ń pàdé ní Ìlaròó. Mo júwe ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó ní wọ́n ti gbàdúrà fún un níbẹ̀. Mo ní kí ó lọ rí Ààfáà àdúgbò, ó ní Ààfáà ti bá a sọ̀rọ̀ títí, ọmọ náà sì sunkún. Ó ní, “Bàbá, àwọn tí kò mutí rí ni gbogbo àwọn tí ẹ ń júwe yìí. Ẹni tó ti mu ún rí ni mo ń wá.” Mo dákẹ́, nítorí kò sí ilé kan láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò tí mo lè nàka sí.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá yìí sọ ni ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ti fi ìyà ara rẹ̀ mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, Bill Wilson, oníṣòwò ìpín ìdókòwò ní New York, tí ọtí ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, tó sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, bá òwò lọ sí ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio. Òwò náà dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dúró ní ìsàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó ń mutí ní apá kan, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn àlùfáà ìlú náà láago, kì í ṣe kí wọ́n lè gbàdúrà fún un, bí kò ṣe kí wọ́n lè bá òun wá ọ̀mùtí ẹlẹgbẹ́ òun kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ọ̀nà hàn án dé ọ̀dọ̀ Bob Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ, tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni dókítà náà ní òun yóò fún àlejò yìí, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ ọtí jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n láti inú wá. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún náà ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ń kà sí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Ìwé wọn jáde ní 1939. Nígbà tó sì di 1951, Lois, ìyàwó Wilson, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún àwọn ará ilé ọ̀mùtí, tí ìyà ń jẹ láìmutí. Lónìí, ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti tàn dé orílẹ̀-èdè tó tó 180.

Ìlànà wọn kò ṣòro. Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ ti di ọmọ ẹgbẹ́. Wọn kì í béèrè owó ìwọlé, wọn kì í béèrè orúkọ bàbá ẹni, wọn kì í bi èèyàn ní ẹ̀sìn tó ń sìn, wọn kì í sì í gba ẹ̀bùn owó lọ́wọ́ ìjọba. Ẹnìkan a sọ bí ọtí ti ṣe òun, àwọn yòókù a gbọ́, kò sí ẹni tí yóò dìde wàásù fún un. Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí. Ṣùgbọ́n ní 2020, àwọn olùwádìí àjọ Cochrane yẹ ìwádìí 27 wò, tó kan àwọn ènìyàn tó lé ní 10,000, wọ́n sì rí i pé bí ohun tí a ń wá bá jẹ́ kí ènìyàn má fẹnu kan ọtí rárá, ìtọ́jú tó ń ti aláìsàn sínú irú ìjókòó yìí kò rẹ̀yìn sí àwọn ìtọ́jú mìíràn tí àwọn amòye ń ṣe, ó tilẹ̀ sábà máa ń ta wọ́n yọ.

Ẹnìkan yóò ní ti òyìnbó nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ta ni kò mọ ìtàn Ọbàtálá, Òrìṣà-ńlá Alábàláṣẹ, ẹlẹ́dàá abuké àti àfín, tó mu ẹmu lójú iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi gbọ̀n lórí amọ̀? Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ka ẹmu sí èèwọ̀, wọn kò sì dá èèwọ̀ náà pa mọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: aṣọ funfun kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀, omi tútù kan náà ni wọ́n jọ ń bù. Àwọn Mùsùlùmí wa tí wọ́n pọ̀ ní Ìlaròó àti Ayétòrò ń kọ ọtí pọ̀ ni. Ní Ìmẹ̀kọ wa níhìn-ín, níbi tí a sin wòlíì Samuel Bilewu Oschoffa sí ní 1985, ẹni tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, àwọn aláṣọ funfun ń wọ́ wá láti ìhà méjèèjì bodè fún Kérésìmesì lọ́dọọdún, òfin ìjọ wọn sì kọ ọtí pátápátá. Àtijọ́ ni ilẹ̀ yìí ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bá ara wọn kọ ọtí, tí ẹnìkan ṣoṣo kò fi ní dá a kọ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: èèwọ̀ ń ṣọ́ ẹni tí kò tíì ṣubú ni. Ẹni tó bá ti ṣubú nínú ìjọ tó kọ ọtí, àwọn ará ìjọ gan-an ni yóò máa sá fún. Ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà lọ sí ìdí parágà, orógbó ni yóò fi pa òórùn ẹnu rẹ̀ kí ó tó wọ ìsìn. Bí ó bá jẹ́wọ́, oyè rẹ̀ nínú ìjọ á bọ́, bí kò bá jẹ́wọ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́, òun náà sì mọ̀, á wá yan èyí tí ojú ènìyàn kò rí. N kò ní kí ẹ̀sìn kankan tú òfin rẹ̀ ká. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tó ń kọ́ ìrìn padà kò lè máa kọ́ ọ lójú àwọn tí ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ìṣubú.

Ọ̀rọ̀ àṣírí yìí le ní ìlú tiwa ju ti New York lọ. Níbẹ̀, ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní Bill ti sá pamọ́. Ní Ìlaròó, bí ọkùnrin bá wọ yàrá kan, àwọn tó wà níbẹ̀ ti mọ ilé tó ti jáde, wọ́n mọ oríkì ìyá rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí àbúrò rẹ̀ fẹ́, kí ó tó jókòó. Nítorí náà, kì í ṣe fífi orúkọ pamọ́ ni yóò bo àṣírí rẹ̀, bí kò ṣe ìmùlẹ̀, ìmùlẹ̀ kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Bí awo kò bá gbé awo nígbọ̀nwọ́, awo á tẹ́. Bí a bá lè pa ọ̀rọ̀ inú ilédì mọ́ láti ìran dé ìran, tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, a lè pa ọ̀rọ̀ aránṣọ kan tí ọtí mú mọ́ láti Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀. Ohùn ọba ló kù. Bí Kábíyèsí bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ohun tí wọ́n bá sọ ní yàrá náà kò gbọdọ̀ jáde, ẹni tó bá fẹ́ ṣe òfófó yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò, nítorí ẹ̀mí ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, bí ó bá ṣẹ́ ẹ lójijì, gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkejì. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí, kí ara rẹ̀ gbóná, kí òógùn bò ó, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, ó sì lè kú. Àwọn ará ilé a ní ayé ló ń bá a jà. Ayé kọ́, ara tó ti bá ọtí dọ́rẹ̀ẹ́ ló ń jà, oògùn rẹ̀ sì wà nílé ìwòsàn: irú diazepam tí dókítà yóò wọ̀n, tí yóò sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀, àti fítámì B1 tí ọtí ti gbọ̀n dànù lára rẹ̀. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Nítorí náà, yàrá tí mo ń tọrọ kò gbapò dókítà. Ẹ̀yìn dókítà ló máa dúró sí. Mo rọ àwọn aláṣẹ ètò ìlera pé kí wọ́n rán nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlaròó àti òmíràn láti ti Ayétòrò lọ kọ́ ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ní Àró. Ibẹ̀ náà ni ọmọ Abẹ́òkúta, Thomas Adéoyè Lámbò, ti ṣiṣẹ́ láti 1954, tó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń roko láàárín ènìyàn bí wọ́n ti ń gba oògùn, títí gbogbo ayé fi wá wo bí ó ti ṣe é, tí òun fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tí ìpínlẹ̀ tiwa kọ́ ayé kò yẹ kó ṣòro fún wa láti tún ṣe.

Ní ti ìjọba àpapọ̀, n kò ní fi àkókò ṣòfò. Wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ó dára. Wọ́n ka àwọn tó ń lo oògùn olóró ní Nàìjíríà, ìwádìí ti 2018 sì sọ pé wọ́n tó mílíọ̀nù 14.3 lọ́dún kan. Ọtí kò sí nínú ohun tí wọ́n kà. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, ti bá àwọn tó ń pọn ọtí fọwọ́ sí ìwé ní 2018 pé ọtí inú ọ̀rá yóò dópin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú un ní oṣù Kejì ọdún 2024, ariwo sọ, wọ́n sì tún dá ọjọ́ mìíràn. Àwa ará bodè kò retí kí òfin nìkan ṣe é. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ògógóró, wọ́n ń fọ́ ìkòkò, wọ́n ń sọ àwọn tó ń pọn ọ́n sẹ́wọ̀n, nígbà tí àwọn fúnra wọn ń gba owó bodè tó pọ̀ lórí ṣínáàpù tí ọkọ̀ òkun ń kó wá. Ògógóró ń bẹ lónìí. Kí òfin máa ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára ṣáájú òfin ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn kò rọrùn láti sọ fún àwọn tó jù mí lọ. A kò lè ṣe ohunkóhun ní ilẹ̀ yìí láìgbé ọtí wá. Bí a bá lọ kí ọba, ṣínáàpù. Bí a bá fẹ́ ta nǹkan sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá, ṣínáàpù. Ìkómọ, ìdána, ìwúyè, òkú àgbà, ìgò ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó ń jáwọ́ kò lè sá fún gbogbo wọn láìdi àjèjì nínú ìdílé rẹ̀. Bí wọ́n bá sì nawọ́ ife sí i tó kọ̀ ọ́, wọ́n a ní ó ń gbéra ga, tàbí pé ó ń fura sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin kan tó ti pẹ́ tí kò fẹnu kan ọtí, tí àbúrò bàbá rẹ̀ sọ fún un níbi ìsìnkú pé bí kò bá tọ́ ọ wò, òkú yóò bínú. Ó tọ́ ọ wò. Kò bọ́ nínú rẹ̀ mọ́ títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Nítorí náà, mo bẹ Kábíyèsí méjèèjì pé kí wọ́n fi àṣẹ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní gbangba, ní ọjọ́ ọdún Ọ̀rọ́nà ní Ìlaròó bí ó bá ṣeé ṣe, pé ẹni tó bá da ife rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá láìmu ún ti fún wọn ní ohun tó yẹ, àti pé omi tútù tó fún Òrìṣà-ńlá, tó sì tó fún òkú.

Kí ni yàrá náà yóò jẹ́? Ibikíbi tí kì í ṣe ti ìjọ kankan: gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ, kíláàsì kan ní ilé-ìwé, tàbí yàrá kékeré kan lẹ́bàá ààfin. Wákàtí kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, kí ó má yí padà, nítorí ẹni tí ọtí ń bá jà kò lè máa wádìí ọjọ́. Yorùbá ni kí wọ́n máa sọ níbẹ̀, kí àwọn Ohòrí àti Ẹ̀gùn tó wà láàárín wa sọ tiwọn bí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Owó tíì àti epo fìtílà, àwọn fúnra wọn ni yóò máa dá a. Kí ìjọba má fún wọn ní kọ́bọ̀, kí olóṣèlú má wá ya fọ́tò. Kí àwọn obìnrin ní wákàtí tiwọn lọ́tọ̀, nítorí obìnrin tó ń mutí ń bẹ, inú yàrá ló sì ti ń mu ún, ìtìjú tirẹ̀ sì jù ti ọkùnrin lọ ní ìlọ́po. Kí àwọn ará ilé náà ní ọjọ́ tiwọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ibi tí ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ sọ fún ènìyàn pé yàrá ń bẹ, ìdí parágà ni. Mo ti bá àwọn ìyá kan sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn yóò máa júwe rẹ̀ fún àwọn tó ń fẹ́ jáwọ́, wọ́n sì mọ̀ wọ́n ju bí dókítà ti mọ̀ wọ́n lọ.

Àwọn kan ti wà, ní Ìlaròó àti ní ọ̀nà Ayétòrò, tí ọtí ti sọ wọ́n kalẹ̀ rí, tí wọ́n sì ti dìde, tí wọ́n ní àwọn ṣe tán láti kọ́kọ́ jókòó kí àwọn tó kù má baà bá yàrá lófìfo. Wọn kò fẹ́ kí n dárúkọ wọn fún ààfin, n kò sì ní dárúkọ wọn. Bí Kábíyèsí bá ti yan ibi tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ yan èyí tó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yewa, Ìlaròó